Fóònù, Garmin tàbí Rédíò Android: Èwo Ni Ká Fi Mọ̀nà Nínú Ọkọ̀?

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London fi ẹ̀rọ amọ̀nà kan ránṣẹ́ sí mi. Tuntun ni, wọn ò tíì já páálí rẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, mo sì gbéra láti Mókọ́lá, mò ń lọ sí Ṣágámù. Ẹ̀rọ náà tàn, ó rí sátẹ́láìtì, ó gbé ọfà kékeré kan sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí títì kankan lábẹ́ ọfà náà. Kò sí Ìbàdàn, kò sí Ṣágámù. Lójú ẹ̀rọ yẹn, orí ilẹ̀ funfun báláú ni mo ti ń wakọ̀ láti ilé títí mo fi dé ibi tí mò ń lọ. Ó mọ ibi tí mo wà, ó mọ iye eré tí mò ń sá, ó tilẹ̀ mọ̀ pé ìhà gúúsù ni mo kọjú sí. Ilẹ̀ tí mo tẹ̀ ni kò mọ̀. Máàpù Yúróòpù nìkan ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí bí ojú ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó. Fóònù o, Garmin tó dá dúró o, rédíò Android inú ọkọ̀ o, sátẹ́láìtì kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́. Máàpù ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, àti ohun tí máàpù náà lè ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ọjà ni mò ń kó fún àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, Ìlọrin àti Òkè-Ògùn, nítorí náà, ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi lò lójú ọ̀nà wọ̀nyí ni mo fẹ́ fi wé ara wọn.

Ohun tí gbogbo wọn jọ ní

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni GPS, ètò sátẹ́láìtì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tó wà. Sátẹ́láìtì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lé ní 24, wọ́n wà ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ohun tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń kéde kò ju ibi tó wà àti aago tó lù lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yín á wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó kó tó dé etí rẹ̀, á kó ti mẹ́rin pọ̀ ó kéré tán, á sì fi ṣírò ibi tí ẹ wà. Kì í fèsì. Ó ń gbọ́ ni, bí rédíò ṣe ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í gba owó oṣù lórí rẹ̀, tí kì í sì í jẹ dátà. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń gbọ́ gbogbo wọn pọ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ ọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé bí dátà bá tán, GPS fóònù kú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pa dátà fóònù yín lójú ọ̀nà kí ẹ sì máa wò ó, ọfà yẹn á ṣì máa bá yín rìn. Máàpù abẹ́ ọfà ló ń gba dátà, bí ẹ kò bá tíì gbé e sínú fóònù tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ran fóònù lọ́wọ́ láti tètè rí sátẹ́láìtì. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ dúró díẹ̀ ní gbangba, kúrò lábẹ́ òrùlé àti igi ńlá, kí ẹ tó gbéra.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní GPS tí kì í ṣe ohun tí à ń sọ níbí. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù kí olówó ọkọ̀ lè mọ ibi tí awakọ̀ rẹ̀ gbé e lọ, tracker nìyẹn. Ó ní síìmù tirẹ̀, ibi tí ọkọ̀ wà ló sì ń fi ránṣẹ́ síta. Kò lè tọ́ka ọ̀nà kankan fún ẹni tó wà nídìí sítíárín.

Fóònù

Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ẹ̀rọ amọ̀nà kiri ló ti ní i lápò.

Google Maps ló mọ ilẹ̀ wa jù nínú gbogbo èyí tí mo ti lò. Kì í ṣe títì nìkan ló mọ̀. Ó mọ ilé epo, ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ ilé-ìwé, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà. Nǹkan ńlá nìyẹn nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní nọ́ńbà, tí oníbàárà á máa júwe ilé fún yín pé, "Ẹ bá mi lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé, ilé kejì sí ti àwọn tó ń lẹ táyà." Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti fi ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti ọmọ Nàìjíríà sínú rẹ̀. Bí ó bá pe orúkọ àdúgbò, èèyàn á mọ ibi tó ń wí.

Bó ṣe ń mọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà kò ṣòroó yé. Fóònù àwọn tó wà lójú ọ̀nà ló ń sọ fún un. Bí fóònù púpọ̀ bá ń rákò lórí títì kan, á kun títì náà ní pupa. Lọ́dún 2020 ni ayé gbọ́ nípa oníṣẹ́-ọnà kan ní Jámánì, Simon Weckert, tó kó fóònù 99 sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré, tó ń fà á lọ jẹ́jẹ́ nígboro Berlin. Títì tó ṣófo di pupa yòò lójú máàpù. Ìtàn yẹn kàn wá. Lórí afárá Third Mainland, níbi tí fóònù pọ̀ bí eṣú, ẹ lè gba ohun tí máàpù ń sọ gbọ́. Ní ọ̀nà Òkèhò sí Ṣakí, níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀, bí ẹ kò bá rí pupa níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà dára. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ láti àárọ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lo Google Maps ṣe lónìí, kí wọ́n tó na kọ́bọ̀ kan lórí ẹ̀rọ mìíràn, ni kí wọ́n gbé máàpù sínú fóònù wọn. Ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè, ẹ yan "Offline maps", ẹ fa àpótí tó bá jáde títí tó fi bo gbogbo ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà, kí ẹ sì jẹ́ kó wọlé níbi tí Wi-Fi bá wà. Èmi ti gbé láti Èkó dé Ìbàdàn sínú tèmi, mo tún gbé Òkè-Ògùn lọ́tọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, á ṣì máa júwe ọ̀nà fún ọkọ̀. Ohun tó máa sọnù ni ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti àwọn ọ̀nà mìíràn tó máa ń fi lọ èèyàn. Ẹ rántí pé ó ní ọjọ́ tí máàpù náà ń gbó. Ẹ jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Waze ńkọ́? Ísírẹ́lì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Google sì rà á lọ́dún 2013. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ń sọ fún ara wọn nínú rẹ̀ pé ọkọ̀ kan bàjẹ́ níwájú, ọlọ́pàá wà ní ìkóríta. Ẹni tó bá ń lọ sí ibiṣẹ́ láàárín Èkó lójoojúmọ́ máa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè dìídì gbé máàpù ìpínlẹ̀ kan sínú rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, nítorí náà mi ò gbé e jáde kúrò nígboro.

Méjì tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni HERE WeGo àti Organic Maps. A lè gbé máàpù Nàìjíríà sínú àwọn méjèèjì, ká sì lò wọ́n láìsí dátà rárá. Organic Maps kò ní ìpolówó, kò bi yín ní orúkọ, inú OpenStreetMap ló ti ń mú máàpù rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni láyé lè fi kún. Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ títì ilé wa síbẹ̀, mo sì fi ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà tí kò sí lórí rẹ̀ kún un. Bí ìlú yín bá kéré, ẹ wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó sọ pé máàpù kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ìlú yín kan ti jókòó yà á pátá.

Wàyí o, ìṣòro fóònù. Oòrùn ni àkọ́kọ́. Fóònù tí ẹ gbé ka iwájú gíláàsì ní ọ̀sán gangan, tó ń gba iná, tó ń tan ojú rẹ̀ dé gongo, tó sì ń ṣírò ọ̀nà, á gbóná títí á fi pa ara rẹ̀. Ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ nítòsí Ògèrè. Ohun tó wò ó sàn ni pé mo yọ ọ́ kúrò lórí gíláàsì, mo ra ìdè fóònù tí wọ́n ń há mọ́ ojú ihò A/C. Afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́ sí i lẹ́yìn báyìí. Iná ni ìkejì: ihò USB ara rédíò ọkọ̀ àtijọ́ kì í lè fún fóònù ní iná tó máàpù ń jẹ. Ẹ ra ṣájà gidi tó ń wọ ihò láítà, tó lè fúnni ní 2A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan kò ní kọ́ńpáàsì tàbí gyroscope, ohun tí fóònù fi ń mọ̀ pé òun yí. Bí ọkọ̀ bá dúró, ọfà á máa pòòyì, kò ní mọ ibi tí ẹ kọjú sí títí ẹ ó fi rìn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù nítorí ọkọ̀, kó béèrè nǹkan méjèèjì yìí.

Ẹ̀kẹrin, tó burú jù, ni pé fóònù kan náà ni wọ́n fi ń pè yín. Ní oríta tó yẹ kí ẹ yà ni ìpè ń wọlé. Ẹ má fọwọ́ mú un. Òfin ojú pópó Nàìjíríà lòdì sí lílo fóònù nídìí ọkọ̀. Nílùú Ọba, ẹni tí wọ́n bá mú tó di fóònù lọ́wọ́ nígbà tó ń wakọ̀ máa san £200, wọ́n á tún kọ point 6 sí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Inú ìdè rẹ̀ lára ọkọ̀ ni kí fóònù wà, ẹ sì kọ ibi tí ẹ ń lọ sínú rẹ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀.

Ẹ̀rọ amọ̀nà tó dá dúró: Garmin àti TomTom

Gary Burrell àti Min Kao ló dá Garmin sílẹ̀ lọ́dún 1989 ní ìpínlẹ̀ Kansas. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n gé papọ̀. Àwọn ará Amsterdam ló ni TomTom. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ṣì ń ṣe èyí tó wà fún ọkọ̀ ilé àti èyí tó wà fún ọkọ̀ àjàgbé. Ojú rẹ̀ máa ń tó ínǹṣì 5 sí 8.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára wọn ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wá ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n. Wọn kì í sábà gbóná pa bíi fóònù, ojú wọn máa ń hàn kedere nínú oòrùn, ohùn wọn ń rinlẹ̀ dé ìjókòó ẹ̀yìn. Máàpù ti wà nínú wọn kí wọ́n tó jáde nílé-iṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ dátà kò dìde. Fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà, mi ò rò pé fóònù lásán tó. Àwọn bíi Garmin dēzl àti TomTom GO Expert máa béèrè bí ọkọ̀ yín ṣe ga tó, bó ṣe gùn tó àti ìwọ̀n ẹrù rẹ̀, wọn ò sì ní darí yín gba abẹ́ afárá tó kúrú ju ọkọ̀ yín lọ. Google Maps kò béèrè nǹkan wọ̀nyẹn lọ́wọ́ yín.

Nǹkan mìíràn tún wà fún àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ọkọ̀ ní Ìlú Ọba. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017, nínú ọ̀pọ̀ jù ìdánwò ìwakọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń dán yín wò á gbé TomTom síwájú, á ní kí ẹ máa tẹ̀lé e fún àkókò kan. Ẹni tí kò tíì tẹ̀lé ohùn ẹ̀rọ rí lè dààmú lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ti ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kọ́ ọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta? Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ bi í pé: máàpù ibo ló wà nínú rẹ̀? Bí wọ́n bá kọ "lifetime maps" sí páálí, máàpù agbègbè tí wọ́n tà á fún ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà ní Manchester lè jẹ́ ọba láti Dublin dé Róòmù, kó má sì mọ Gbọ̀ngán. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà Ṣágámù nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ Garmin ló ti wà lọ́wọ́ yín, ó ní àtúnṣe. Àwọn olùyọ̀ǹda kan máa ń yí máàpù OpenStreetMap padà sí irú èyí tí Garmin lè kà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa kó ti Nàìjíríà sínú káàdì microSD, ẹ ti káàdì náà bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ẹ sì yan máàpù tuntun náà nínú àtòjọ máàpù rẹ̀. Ó gba sùúrù, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà sì lè bá yín ṣe é nírọ̀lẹ́ kan.

Nípa ti tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà lórí tábìlì lọ́jà: ẹ wo déètì tó ń gbé wá. Ọ̀sẹ̀ ni GPS fi ń ka ọjọ́, bí ó bá sì ka 1,024 ọ̀sẹ̀ tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, ọdún 2019, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ wọn kò tún inú wọn ṣe sì ṣi déètì ka láti ìgbà náà. Bí ẹ̀rọ bá rí sátẹ́láìtì tán tó tún ń sọ fún yín pé ogún ọdún sẹ́yìn la wà, ẹ dá a padà sórí tábìlì.

Rédíò Android, àti ojú amọ̀nà tó bá ọkọ̀ wá

Ọ̀pọ̀ Camry, Lexus àti Accord tó ti Amẹ́ríkà wá ló ní ojú amọ̀nà tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ẹ má fi owó kún iye ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Máàpù Àríwá Amẹ́ríkà ló wà nínú wọn. Rédíò àti kámẹ́rà ẹ̀yìn lẹ máa rí lò níbẹ̀. Èmi á ní kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lo fóònù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe báyìí ni pé wọ́n ń yọ rédíò àtijọ́ kúrò, wọ́n ń fi rédíò Android olójú ínǹṣì 9 tàbí 10 tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà rọ́pò rẹ̀. Ó wu ojú. Máàpù fẹ̀, ẹ kò ní máa tẹ orí wò ó, orin àti ọ̀nà wà lójú kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó fi í sínú ọkọ̀ ló ń sọ bóyá ẹ máa gbádùn rẹ̀. Mo rí ọkọ̀ kan tí ọfà rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Nígbà tí wọ́n tú u, eríàlì GPS rẹ̀, okùn tín-ínrín tó ní orí kékeré bíi páálí ìṣáná, ni ọ̀gá rẹ́wáyà ká sẹ́yìn rédíò pẹ̀lú irin tó bò ó mọ́lẹ̀. Orí dáṣíbọọ̀dù ló yẹ kó wà, níbi tó ti lè rí ojú ọ̀run. Ẹ dúró tì í nígbà tó ń ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kó gé wáyà ọkọ̀ yín; ẹ ní kó wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ náà mu.

Ọ̀pọ̀ wọn kò ní síìmù, nítorí náà hotspot fóònù yín ni wọ́n máa lò fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn kan sì ń kọ RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó pọ̀ sí i lára tí inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Google Maps níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ fi ìka fa máàpù síbí sọ́hùn-ún. Bí ó bá ń lọ́ra, ẹ má rà á.

Láàárín gbogbo rédíò wọ̀nyí, èyí tó ń gba Android Auto tàbí CarPlay ni mo fara mọ́ jù. Ojú rédíò ni máàpù máa hàn sí, ṣùgbọ́n fóònù ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ra fóònù tuntun lọ́dún mẹ́ta sí i, amọ̀nà ọkọ̀ yín ti di tuntun nìyẹn, ẹ kò ní tún fọwọ́ kan rédíò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so fóònù tiyín gan-an mọ́ ọn kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe fóònù ẹni tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sójú ọ̀nà

Ìbàdàn sí Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 127 lórí òpópónà márosẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro níbẹ̀, ọ̀nà náà kò sì ṣeé ṣì. Ohun tó ń bẹ níbẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò bá ń rọ́ lọ sí Redemption City, máàpù fóònù tó ní dátà á ti di pupa kí ẹ tó kúrò ní Ṣágámù, ẹ ṣì lè yà gba Ìkòròdú. Garmin tí kò ní ìròyìn ojú ọ̀nà á ní kí ẹ máa lọ tààrà, ẹ ó sì bá ọkọ̀ tó tò jọ níwájú. Lójú ọ̀nà yìí, fóònù ló borí, kò sí àríyànjiyàn.

Inú Èkó gan-an, gbogbo wọn ni kí ẹ fi ojú ara yín ràn lọ́wọ́. GPS kò fi bẹ́ẹ̀ mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní Ojúẹlẹ́gba, ó lè rò pé ẹ wà lórí afárá nígbà tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Ìkòròdú Road, bí ẹ kò bá tíì bọ́ sí service lane nígbà tó yẹ, ẹ ó wo ibi tí ẹ ń lọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láìlè yà. Láàárín àwọn ilé gogoro Marina àti Broad Street, àmì sátẹ́láìtì máa ń lu ara ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọfà á sì fò lọ sí títì kejì. Fóònù tó ń gbọ́ L1 àti L5 pọ̀, ìyẹn oríṣi ìgbì méjì tí sátẹ́láìtì fi ń kéde, máa ń ṣe dáadáa jù níbẹ̀. Xiaomi Mi 8 ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2018, ó sì ti wọ ọ̀pọ̀ fóònù mìíràn láti ìgbà náà. Èyí tó lè ná yín ní ọkọ̀ yín pátápátá ni ọ̀nà òdì. Mo ti gbọ́ kí máàpù ní kí n yà sí títì tí pátákó àtijọ́ kan, tí igi bò lójú, ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ láti ìhà yẹn. Ìjọba Èkó máa ń gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tó bá gba òdì, wọ́n sì máa ń tà á ní gbàǹjo. Bí máàpù bá ní ẹ wọlé, tí gbogbo ọkọ̀ tí ẹ rí sì kọjú sí yín, ẹ gba ohun tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń sọ gbọ́.

Òkè-Ògùn yàtọ̀. Nígbà tí ẹ bá ti ré Ìṣẹ́yìn kọjá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa wá, á máa lọ. Fóònù tí kò ní máàpù nínú á di àwòrán eérú lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ ti gbé máàpù sínú rẹ̀ á máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, Garmin tó ní káàdì OpenStreetMap náà á sì máa lọ. Níbí ni Organic Maps ti ya èmi lẹ́nu. Ó mọ àwọn ọ̀nà oko tí mo rò pé àwọn darandaran àti àgbẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ má kàn tẹ̀lé e gba ibẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọ̀nà tó kúrú, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ọ̀nà tí ẹ̀rù ń bà àwọn èèyàn láti gbà lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń dúró nínú gáréèjì láti bi àwọn awakọ̀ ibẹ̀ léèrè, máàpù sì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó ń sọdá Sèmè lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnù, kó gbé máàpù Benin sínú fóònù kó tó kúrò nílé. Síìmù Nàìjíríà lè má ṣiṣẹ́ bó ṣe fẹ́ lọ́hùn-ún, máàpù tó bá sì parí sí ẹnubodè á pa á tì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ń da gbogbo wọn láàmú, ó sì dùn mí, nítorí àmì ohùn tí wọn kò kọ wà lára ohun tó ń fà á. Sábo wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Yábàá, ó wà ní Ṣágámù, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Ojoo" wà ní Ìbàdàn, "Ojo" wà ní Èkó, ìka tó bá yára á kọ ọ̀kan dípò èkejì. Ìwó Road kò sí ní Ìwó. Ẹ kọ orúkọ ìlú tẹ̀lé orúkọ àdúgbò, kí ẹ sì wo iye kìlómítà tó gbé wá kí ẹ tó gbéra. Bí ibi tí ẹ mọ̀ pé kò jìnnà bá di kìlómítà 140, ẹ padà lọ tún un kọ. Èyí tó sàn jù ni pé kí ẹni tí ẹ ń lọ bá fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́; orúkọ kò ní dá sí i mọ́.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ẹ bá ń wakọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí ẹ sì ní fóònù tó dára díẹ̀, ẹ má ra ẹ̀rọ amọ̀nà. Ẹ fi owó náà ra ìdè fóònù tó ń há mọ́ ihò A/C àti ṣájà gidi, ẹ gbé máàpù Google àti Organic Maps sínú rẹ̀, ìyókù owó ẹ fi ra epo. Bí rédíò ọkọ̀ yín bá ti bàjẹ́, tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ mú èyí tó ń gba Android Auto tàbí CarPlay. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tú rédíò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nítorí máàpù nìkan.

Bàbá tàbí ìyá tó ti dàgbà, tí fóònù kò rọrùn fún, tó sì ń gbé ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, Garmin tàbí TomTom olójú ínǹṣì 6 tàbí 7 ló máa tù ú lára jù. Ẹ bá a kọ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé ìwòsàn àti ilé àwọn ọmọ sínú rẹ̀, kó má ju kó fọwọ́ tẹ orúkọ lọ. Màmá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Birmingham ń lo irú rẹ̀ títí dòní, ẹ̀rù kì í bà á láti dá jáde mọ́. Ẹni tó ń wa àjàgbé lọ́hùn-ún, èyí tó wà fún àjàgbé ni kó rà, kó má fi fóònù dípò rẹ̀.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má fi ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀ dán an wò. Ẹ gbé e lọ sí ìlú bàbá yín. Ẹ kọ orúkọ agboolé tàbí ti ilé-ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ pa dátà, kí ẹ sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin mọ ibi tí afárá ti já, ẹ mọ ibi tó yẹ ká yà. Bí ó bá ń pe ìkóríta kí ẹ tó dé ibẹ̀, tí kò gbé yín wọ inú ọjà, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ dé ẹnu ọ̀nà bàbá yín, ẹ sanwó rẹ̀.